Ife Omi Tí Màámi Kò Fẹ́ Mu

Ẹsẹ̀ ọ̀tún Màámi ni mo wò tí àyà mi fi já. Ó kúrú ju tòsì lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn sì yí síta. Ibi tí wọ́n ti ń sá kòkó lẹ́yìnkùlé wa ní Oǹdó ni wọ́n ti yọ̀ ṣubú. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, kí n sáà fa àwọn dìde. Mi ò fà wọ́n.

Ní ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́, fọ́tò tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà fi hàn pé egungun itan ti kán níbi tó ti wọnú ìbàdí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ sí. Nọ́ọ̀sì ní tó bá ti ku wákàtí mẹ́fà, kí Màámi má jẹun mọ́, nítorí oúnjẹ lè gòkè láti inú ikùn wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí wọ́n bá kùn lóorun. Ṣùgbọ́n wọ́n lè mu omi lásán títí á fi ku wákàtí méjì.

Èmi, ọlọ́gbọ́n ayé, ni mo wá sọ pé, "Màámi, ẹ jẹ́ ká kúkú fi ṣe ààwẹ̀ àdúrà." Ìyá Ìjọ ni Màámi. Tí wọ́n bá gbààwẹ̀, omi kì í kan ètè wọn títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n kó àwọn tí ọkọ̀ wọn dànù wá, iṣẹ́ abẹ wa sì di ọjọ́ kẹta. Nọ́ọ̀sì ní kí n fún Màámi lóúnjẹ. Wọ́n kọ̀, wọ́n ní aago mẹ́fà kò tíì lù. Mo tún ń fi wọ́n yangàn fún àwọn ará ìjọ lórí fóònù!

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ètè wọn ti bó. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. "Fọlákẹ́, dìde. Òjò ń ṣú ní oko Bọ́lọ́rundúró, kòkó sì wà níta."

Fọlákẹ́ ni àbúrò wọn tó ti kú tipẹ́.

"Ìgbà wo ni wọ́n mumi gbẹ̀yìn?" ni nọ́ọ̀sì bi mí. Ojú tì mí. Dókítà ní àìmumi máa ń da orí àgbàlagbà rú. Tí ara wọn ò bá tètè wálẹ̀, iṣẹ́ abẹ á tún sún síwájú, bẹ́ẹ̀ ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ léwu fún wọn. Ẹ̀rù bà mí gidi pé èmi ni mo fẹ́ fi àdúrà pa ìyá mi.

Wọ́n fa omi sí wọn lára. Nọ́ọ̀sì gbé orí wọn sókè, ó gbé ṣíbí omi sí wọn lẹ́nu, wọ́n pa ẹnu dé. Mo kúnlẹ̀.

"Màámi, èmi ni mo dá ààwẹ̀ yìí sílẹ̀. Mo ti parí ẹ̀ lórúkọ Jésù."

"Àmín," ni wọ́n wí, wọ́n sì gba omi náà díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Bí Màámi ṣe jí dáadáa, nọ́ọ̀sì ní kí n po ògì. Mo ní ṣé a ò ní dúró kí wọ́n kọ́kọ́ só ni? Ó rẹ́rìn-ín. "Ìbàdí la là, Mà, kì í ṣe ikùn. Oúnjẹ ni egungun á fi jinná."

Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbàlagbà nílé, ẹ bèèrè ìgbà tí oúnjẹ á dúró, ìgbà tí omi á dúró, àti ìgbà tí wọ́n tún máa jẹun. Tí wọ́n bá sún iṣẹ́ abẹ síwájú, ẹ tún bèèrè. Ara àgbà kò ní ìpamọ́ púpọ̀.

Màámi ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìjọ kéde ààwẹ̀. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi na ife sí mi.

"Bu omi sí i. Ọlọ́run tó bá mi tún ara yìí ṣe, òun náà ló ni omi."