Ọjọ́ Tí Màmá Ìgbẹsà Kì Mí Nínú Rédíò

Òórùn lẹ́ẹ̀dì tó ń yọ́ ni òórùn bàbá mi. Láàárọ̀ Sátidé, kí n tó la ojú, èéfín rẹ̀ á ti wọ yàrá wa l'Ójú Ọrẹ, á ti dà pọ̀ mọ́ òórùn ọṣẹ tí afẹ́fẹ́ máa ń gbé wá láti ilé-iṣẹ́ kan lápá Sango, n ó sì ti mọ̀ pé Bàbá ti jókòó ti tábìlì wọn ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń tún ṣe, lẹ́ẹ̀dì ni wọ́n sì fi ń jó wáyà inú wọn pọ̀. Títí di òní, bí mo bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe, tí lẹ́ẹ̀dì bá ta sí mi nímú, mo máa ń dúró díẹ̀.

Ìgbà Sáàpù ni, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. Ẹni tó bá gbọ́njú nígbà náà kò ní bi mí pé kí ni mò ń sọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó máa ń fọn fèrè láàárọ̀ ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ará Ọ̀yọ́ tó yá yàrá ní àdúgbò wa sì ń dirù padà sílé. Òkìríkà la ń wọ̀, tòkunbọ̀ la ń gùn, búrẹ́dì sì ti di oúnjẹ ọjọ́ ọdún. Nínú ọdún yẹn ni ìyá mi lóyún. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára wọn lẹ́yìn tí wọ́n bí mi, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń yọ̀ sókè nínú ilé wa. Dókítà ní kí wọ́n má dìde lórí ibùsùn, kí wọ́n má sì bímọ síbòmíràn àfi ọsibítù l'Ọ́tà.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò tọ́jú wọn? Bàbá ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, èmi ń lọ sílé-ìwé. Ìyá tó bí ìyá mi, tí a ń pè ní Màmá Ìgbẹsà, kò lè fi bàbá àgbà tí ẹsẹ̀ wọn ti rọ sílẹ̀ kí wọ́n wá bá wa. Bí a ṣe gbé ìyá mi lọ sí Ìgbẹsà nìyẹn. Tẹlifóònù kò sí níbẹ̀, ọ̀nà oko tí òjò ti bàjẹ́ ló lọ síbẹ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo tó sì dá wa lójú ni píkọ́ọ̀pù ògbólógbòó Bàbá. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìyá mi, báwo ni Bàbá yóò ṣe gbọ́ kí wọ́n lè lọ gbé wọn?

Ni Bàbá bá lọ ra rédíò méjì, irú èyí tí ọlọ́pàá máa ń gbé sínú ọkọ̀, tí a fi ń bá ara ẹni sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ilé-iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé ló ti lò wọ́n gbó. Wọ́n gbé ọ̀kan sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé èkejì lọ sí Ìgbẹsà pẹ̀lú bátìrì ọkọ̀, wọ́n so eriali rẹ̀ mọ́ orí ọparun. Lórí tábìlì, àwọn méjèèjì ń gbọ́ ara wọn bí ẹni jókòó sórí ẹní kan náà. Ṣùgbọ́n bí èkejì bá ti dé Ìgbẹsà, gbígbọ̀n ojú ọ̀nà àti ooru abẹ́ páànù á ti yí i padà. Màmá Ìgbẹsà ń gbọ́ wa kedere. Àwa ni a kì í gbọ́ tiwọn. Ohùn wọn á máa jáde bí ti ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu, agbára káká la fi ń fa ọ̀rọ̀ yọ níbẹ̀. Bàbá gbé e wálé, wọ́n tún un ṣe, wọ́n gbé e padà, pàbó ló ń já sí.

Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé frikúẹ́ńsì, ibi tí ohùn rédíò méjì ti ń pàdé lójú afẹ́fẹ́, ló sún, bí ìgbà tí ẹni méjì dá àdéhùn sí ìsọ̀ kan lọ́jà, tí ọ̀kan wá lọ dúró sí ìsọ̀ kejì. Tiwa la ó sún bá tiwọn. Ìdè kékeré kan wà nínú rédíò tí a ó máa fi sùúrù yí. Irin kò gbọdọ̀ kàn án, nítorí irin á tún dà á rú, nítorí náà Bàbá gbẹ́ òòyà mi tó ti kán, wọ́n sọ ọ́ di sukurudiráfà. Wọ́n so mítà kan mọ́ rédíò náà. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró ní àárín gan-an kí ohùn tó lè já gaara. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni wọ́n máa ń wí bí wọ́n bá ti di òòyà yẹn mú. Ohun tó kù ni kí ẹni tó wà ní Ìgbẹsà tẹ bọ́tìnì, kó sì máa sọ̀rọ̀ lọ láìdákẹ́ títí abẹ́rẹ́ á fi dúró.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ìyá mi kò gbọdọ̀ dìde, Bàbá kò sì jẹ́ kí wọ́n gbé bátìrì wọ yàrá aboyún, nítorí náà Màmá Ìgbẹsà ni ọ̀gá rédíò ní pálọ̀, Bàbá sì jẹ́ àna wọn. Ẹ wo Bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù, máìkì lọ́wọ́, tí wọ́n tẹ̀ ba níwájú rédíò: "Ẹ káàárọ̀ mà. Ọ́fà," èyí tó túmọ̀ sí pé ó kan ẹni kejì láti sọ̀rọ̀. Màmá á dáhùn pé, "Ẹ káàárọ̀ o, àna mi. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?" Wọ́n á sì fi bọ́tìnì sílẹ̀, wọ́n ń retí èsì, bí ọmọlúàbí ṣe ń ṣe. Kí òòyà tó kan ìdè, abẹ́rẹ́ á ti ṣubú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Bàbá gbóyà wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ máa sọ̀rọ̀ lọ, ẹ má dákẹ́." Màmá ní, "Kí ni kí n máa sọ? Ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Ojú ta ni mò ń wò nínú àpótí yìí?" Ta ló ń pàṣẹ fún ìyá ìyàwó? Bàbá tọrọ àforíjì.

Láàárọ̀ Sátidé tí mò ń sọ yìí, oṣù ìyá mi ti pé. Abẹ́rẹ́ ti ṣubú títí ó ti sú wa, Bàbá sì gbé òòyà kalẹ̀ sórí tábìlì, máìkì nìkan ló kù lọ́wọ́ wọn. N kò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà mí. Mo gba máìkì lọ́wọ́ wọn, mo ní, "Màmá, èmi ni. Ẹ kì mí." Kì í ṣe pé mo dá ọgbọ́n kankan. Ìyá mi ló ń wù mí í rí, bẹ́ẹ̀ sì ni mo máa ń wí fún Màmá nígbà tí mo bá lo ìsinmi ní Ìgbẹsà, tí àárò ìyá mi bá ń sọ mí.

Ẹni tó bá mọ Màmá Ìgbẹsà mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ń kini, òjò kò lè dá wọn dúró. Wọ́n tẹ bọ́tìnì, wọn kò fi í sílẹ̀ mọ́. "Àṣàkẹ́!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí mi, wọ́n bọ́ sọ́dọ̀ ìyá mi, wọ́n gba ilé bàbá wọn kọjá, iṣu gbígbóná sì wà lẹ́nu wọn síbẹ̀. Bàbá ti ki òòyà bọ inú rédíò. Èmi ni mò ń wo mítà. Mo ní, "Ó ṣì wà lápá òsì." Mo ní, "Ó ń bọ̀." Abẹ́rẹ́ náà gbọ̀n, ó rọra sún, ó dúró ṣánṣán. Lójijì ni ohùn Màmá mọ́ bí ẹni pé wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí àga. Lẹ́yìn wọn, láti yàrá inú lọ́hùn-ún, mo gbọ́ ẹnìkan tó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ni. Mo bú sẹ́kún. Bàbá kò bá mi wí. Wọ́n fi apá nu ojú tiwọn náà.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, a ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀ nígbà tí rédíò sọ̀rọ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, àna mi. Ṣé ẹ jí dáadáa? Àṣàkẹ́ mi ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?" Bàbá ń dáhùn, wọ́n ń tẹ̀ ba. Nígbà tí ìkíni parí ni Màmá tó wí pé, "Ó dáa. Omi ti dà lára ìyàwó yín." Bàbá ju ife ẹ̀kọ sílẹ̀. Wọ́n gbé ìyá mi dé Ọ̀tà kí oòrùn tó kanrí, wọ́n sì bí àbúrò mi, Fọlákẹ́, láyọ̀.

Màmá Ìgbẹsà ti lọ tipẹ́, kò sẹ́ni tó gba ohùn wọn sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, Fọlákẹ́ bí ọmọbìnrin, ó ní kí n kọ́ òun ní oríkì tí Màmá fi kì mí lọ́jọ́ náà. Mo la ẹnu, ìlà méjì ló jáde. Mo bi Bàbá, tí wọ́n ti darúgbó báyìí. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ìdè ni mò ń yí, Àṣàkẹ́." Ìyá mi ní ẹ̀rín làwọn ń rín. Mo lè sọ bí abẹ́rẹ́ yẹn ṣe rìn láti òsì dé àárín fún ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè. Ọ̀rọ̀ tó gbé e rìn ni n kò mọ̀. Ohùn ìyá rẹ̀ ni ọmọ kékeré tí mo jẹ́ lọ́jọ́ náà ń wá, ó sì rí i. Ti Màmá ni èmi àgbàlagbà ń wá.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ọmọ Fọlákẹ́ lé mi lẹ́sẹ̀, ohun tó kù lọ́wọ́ mi ni mo fi ń kì í: "Ọmọ a-rìn-gbẹ̀rẹ̀ bí ẹni ẹjọ́ ò kàn, ọmọ a-rílé-gbàlejò, a-rẹ́ní-tẹ́-fún-wọn." Á máa wo ojú mi, á máa retí. Bí mo bá sì ti dé ìparí, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.