Àwọn Lẹ́tà Tó Ń Fò Lójú Bàbá Mi

Òórùn tàdáwà tútù, yíǹkì tí wọ́n fi ń kọ wàláà, ló máa ń gba ilé kéú bàbá mi ní Chanchaga láàárọ̀. Bí mo bá gbọ́ òórùn náà níbikíbi, ọdún tí bàbá fẹ́ fi iṣẹ́ àfáà sílẹ̀ ni mo máa ń rántí. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń ké kéú: ẹni tó ń kà á á máa mi síwá, á máa mi sẹ́yìn.

Lẹ́yìn àìsàn kan tó dá a dùbúlẹ̀, bàbá ní lẹ́tà ń fò lójú òun bíi tata. Ó mọ Kùránì lórí, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí àṣìṣe lára wàláà àwọn ọmọ? Dókítà ojú ní kó jókòó jẹ́ẹ́, bàbá sì ka gbogbo ohun tí wọ́n fi hàn án lára ògiri. Wọ́n ní ojú rẹ̀ dára, ọjọ́ orí ló dé. Ọjọ́ orí kẹ̀! Inú bí mi gan-an, síbẹ̀ kò sí ẹnì kan nínú wa tó rántí sọ fún wọn pé bàbá kì í jókòó jẹ́ẹ́ kàwé. Àwọn òbí ti ń kó ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ àfáà mìíràn ní Fadikpe.

Òòyì tún ń kọ́ ọ, mo sì gbọ́ pé etí lè fa òòyì, ni mo bá fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Obìnrin ni. "Baba, sannu," ó kí i. "Báwo lẹ ṣe ń kàwé nílé?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mi. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó fi awò ojú oníkámẹ́rà sí i lójú, ó sì rọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i létí. Ó ní ó yẹ kí omi náà mú ojú sáré. Ojú bàbá kò mira.

"Inú etí ló ń sọ fún ojú pé orí ti yí," ó ní. "Tiyín ò sọ fún un mọ́, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà fi ń fò bí ẹ bá ti ń mi."

A ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá! Dókítà ní kí bàbá kọ lẹ́tà kan, kó tẹjú mọ́ ọn, kó máa yí orí láràárọ̀.

"Wọ́n ti dá mi padà sí álífù, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kéú," bàbá ní, ṣùgbọ́n kò pa ọjọ́ kan jẹ.

Nígbà tí wòlímọ̀, ayẹyẹ àwọn ọmọ tó ka Kùránì tán, dé, àwọn òbí tó kó ọmọ lọ wá wòran. Bàbá gba wàláà ọmọ kan, ó mi síwá, ó mi sẹ́yìn, ó ń kà á lọ geere. Lójijì ó dúró. "Dakata! Dúró ná! Àmì orí lẹ́tà yìí dà?" Ọmọ náà ti gbàgbé ẹyọ kan ṣoṣo, kékeré bí ojú abẹ́rẹ́. Mo pariwo "Allahu Akbar" débi pé ohùn mi há. Ayọ̀ ọjọ́ yẹn ò tíì tán lára mi.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé kò sí ohun tó ń ṣe mí, mo máa ń ní kó dúró ná, kí n ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é nílé.