Ike Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Màmá

Kò sẹ́ni tó kórìíra kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó obìnrin yìí láyé, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Iyàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ló wà. Bílẹ̀ bá ti mọ́, àwọn tó ń wúkọ́ á to ike kékeré tó ní ìdérí sójú fèrèsé rẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ oríṣiríṣi nínú wọn: aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ irin tó dógùn-ún, èyí tí ẹ̀jẹ̀ là láàárín. Òun ni yóò fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ fa ibi tó ki jù, yóò fi pa ojú gíláàsì, yóò yá a níná, yóò da omi aró pupa lé e, kó tó gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ bíńtín di gbàǹgbà. Bí kòkòrò ikọ́ ife bá wà níbẹ̀, á pọ́n wẹ́ẹ́wẹ́ bí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ́. Ṣíọ̀! Látọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ohun tó bá ń yọ̀ kì í gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Àwọn aládùúgbò ò sì bò ó láṣìírí, Ìyá Oníkẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń pè é.

Ìgbà tí ikọ́ wá mú ìyá ọkọ rẹ̀ tí kò lọ bọ̀rọ̀, àyà rẹ̀ já. Màmá yìí ló ń bá a tọ́jú Dúdú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ojú Dúdú gan-an ni Màmá ń wúkọ́ sí. Ó bá gbé ike kan wálé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá jí láàárọ̀, ẹ wúkọ́ látinú àyà, kẹ́ ẹ tu ú síbí."

"Kí n tu kí ni? Kí ìyàwó mi wá máa fi igi ro kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi? Ojú wo ni mo fẹ́ fi máa wò ẹ́?"

"Torí Dúdú ni, Màmá."

Lọ́jọ́ kejì, itọ́ lásán ló bá nínú ike, ó mọ́ gaara. Ó dà á nù, ó gbé òmíràn kalẹ̀. Láàárọ̀ tó tẹ̀lé e, ike ti kún: ó ki, ó ń fà, ó lẹ̀ mọ́ ìdérí. Èébì gbé e, inú rẹ̀ sì dùn.

Lábẹ́ awò, kòkòrò pupa lọ súà.

Nírọ̀lẹ́, ó jókòó ti ìyá ọkọ rẹ̀. "Màmá, ikọ́ ife ni. Ẹ má bẹ̀rù, ó ní oògùn. Àmọ́ ẹ ò ní gbé Dúdú mọ́ fúngbà díẹ̀."

Màmá yíjú padà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń wò. Ọkọ ọ̀hún jókòó sórí àga, Dúdú wà lórí itan rẹ̀, kọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n fi ń mu omi.

"Kì í ṣe tèmi," ni Màmá wí. "Ojú ló tì mí. Mo ní kí ọkọ ẹ bá mi tu ú, torí ara tiẹ̀ le, kí àyẹ̀wò lè gbè mí."

"Èmi ò kúkú wúkọ́," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Èyí tó máa ń há mi lọ́fun tí mo bá ń wẹ̀ náà ni."

Ara Ìyá Oníkẹ̀lẹ̀bẹ̀ bù máṣọ. Àṣé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ń bá lẹ́nu ihò balùwẹ̀, tó fi ń bú ìyá arúgbó nínú, ẹni tí wọ́n jọ ń sùn ló ni ín! Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó kórìíra ẹnu ọkọ rẹ̀, ó kórìíra kọ́ọ̀bù, ó kórìíra ẹnu ara tirẹ̀ tí ẹnu yẹn ti kàn. Ó já Dúdú gbà, ó sì da omi náà síta.

Bílẹ̀ ti mọ́, ó to ike mẹ́ta sí àgbàlá.

"Ẹ hú u lójú mi. Kò sẹ́ni tó máa bá ẹnì kan hú u."

Màmá hú tirẹ̀, ó ń sunkún. Ọkọ rẹ̀ hú tirẹ̀. Ó wá kan Ìyá Oníkẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ó wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nǹkan já bọ́ sínú ike, ó sì fipá mú ara rẹ̀ wò ó.

Dúdú rò pé eré ni. Ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Tèmi ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ wọlé lọ mú ike kẹrin wá.