Igi Dúdú Ẹ̀yìn Ilé Adìyẹ Òkukù

Ẹni tó bá ń sin adìyẹ púpọ̀ ní Ìkìrun, ní Inísà tàbí ní Òkukù, kò ní ṣàìmọ Felicia Adéìfẹ́. Oògùn adìyẹ ló ń tà fún ilé iṣẹ́ kan ní Òṣogbo, àwọn oníbàárà sì ń pè é ní Dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe dókítà. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni, ó ga, kò sanra, ọwọ́ rẹ̀ sì le koko. Iṣẹ́ igi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀ ní Eko Ende. Àwọn ọmọkùnrin ilé ò fẹ́ràn iṣẹ́ náà, Felicia ló ń di ayùn mú nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta ayò. Nígbà tó kàwé tán tó rí iṣẹ́ olóṣù, kò fi igi sílẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, ẹ̀yìn ilé ló máa ń wà, tí yóò máa kan àpótí ìjókòó àti tábìlì kéékèèké.

Gbogbo ọjọ́ Túsìdeè ló ń rin ọ̀nà yẹn. Bí ilé iṣẹ́ bá kọ ilé adìyẹ mẹ́fà fún un, yóò wá àyè láàárín wọn fún ibi ìlagi kan tàbí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan. Ọ̀gá rẹ̀, Ayọ̀olúwa, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa, ti sọ̀rọ̀ títí ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Mà, ṣé pákó lẹ ń tà ni àbí oògùn?"

"Oògùn ni mò ń tà, sà. Pákó ni mò ń rà."

Lọ́jọ́ Túsìdeè tí mò ń sọ yìí, ìrókò ló ń wá, tó fẹ́ fi kan tábìlì ìkàwé fún ìyá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó bẹ oníbàárà méjì wò ní Ìkìrun, ó sì yà síbi ìlagi kan lọ́nà Ìbà. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀, Dàmọ́lá, fa pákó pupa kan jáde fún un. Felicia gbé e sókè, ó fúyẹ́ jù. Ó fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ funfun báláú.

"Arère nìyí," ló wí.

"Ìrókò ni, mà."

"Arère tẹ́ ẹ fi kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kùn ni."

Dàmọ́lá ò tiẹ̀ tijú. Ó ní nítorí ikán làwọn ṣe ń fi ọ́ìlì mọ́tò tó ti gbó kun pákó, àti pé àwọn tó ń rà á fẹ́ràn àwọ̀ rẹ̀. Felicia fi yẹ̀pẹ̀ fọ ọwọ́, ó tún fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, òórùn náà ò lọ. Bó ṣe ń wakọ̀ lọ sí Inísà, ó gbé ọwọ́ kan sí ojú fèrèsé kí atẹ́gùn lè bá a gbé e lọ.

Ní Inísà, ọ̀dọ̀ Bàbá Ọlọ́rundáre ló yà sí. Ẹnìkejì bàbá Felicia ni nígbà tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn bí tirẹ̀ lágbègbè yẹn. Felicia kúnlẹ̀, bàbá ní kó dìde, ó sì ṣí pákó ìrókò méjì tó fi àpò bò fún un. Ìrókò gidi ni. Inú Felicia dùn díẹ̀, ó wá ròyìn ohun tó rí ní Ìkìrun.

"Èyíinì dáa lára ohun tí wọ́n ń ṣe," ni bàbá wí. "Ọkùnrin kan gbé igi dúdú wá bá mi nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ó ní kí n bá òun fá a. Mo fá ẹyọ kan péré. Ọ̀fun ń yún mi fún ọjọ́ méjì, ojú ń ta mí. Mo ní kó máa gbé igi rẹ̀ lọ."

"Igi kí ni, bàbá?"

"Kò sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ó ń rùn bí ọ̀dà tí wọ́n ń dà sójú títì. Òkukù ló ti wá."

Felicia ra pákó méjèèjì, ó dì wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì kọjá lọ sí Òkukù. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ọjọ́ náà wà. Alàgbà Matthew, tó ní ẹgbẹ̀rún kan àti ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta adìyẹ ayéyin lẹ́yìn ìlú, ti ń pè láti ọjọ́ Jímọ̀. Adìyẹ rẹ̀ ń kú.

Kó tó wọlé ni òórùn ti pàdé rẹ̀. Ó mọ òórùn ìgbẹ́ adìyẹ, kò ka ìyẹn sí. Èyí yàtọ̀. Ó ta á nímú, ó bà sí ọ̀fun bí èéfín. Àwọn adìyẹ náà ń húkọ́, ojú wọn wú, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn bó bí ohun tí omi gbígbóná jó. Felicia bẹ̀rẹ̀, ó bu iyẹ̀ pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún wọn, ó gbé e sí imú. Ó yára dà á nù.

"Alàgbà, níbo lẹ ti ń rí iyẹ̀ pákó yìí?"

"Tèmi ni. Ẹ̀yìn ibí la ti ń fá a." Ọkùnrin tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni Alàgbà, ohùn rẹ̀ rọ̀, kì í bínú. "Oògùn wo lẹ rò pé ó máa bá wọn mu?"

Felicia yí ilé adìyẹ náà ká dé ẹ̀yìn. Abẹ́ páànù kan ni ẹ̀rọ ìfági wà, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkùnrin méjì sì fi aṣọ di imú. Òpó iná ni wọ́n tò jọ sílẹ̀, òpó onígi àtijọ́ tí àwọn oníná yọ nígbà tí wọ́n ri onísìmẹ́ńtì mọ́lẹ̀. Oró tí wọ́n fi rẹ wọ́n kí ikán má baà jẹ wọ́n ṣì ń sun jáde lára wọn bí òógùn, ó dúdú, ó ń dán. Felicia rò pé ẹsẹ̀ àga ni wọ́n ń fi ṣe. Ó wo inú apẹ̀rẹ̀. Omorogùn ni. Omorogùn àti ìgbakọ ni wọ́n ń fi òpó iná gbẹ́, wọ́n fi sáńpépà ha á títí ó fi dán, wọ́n sì fi epo pa á.

"Ẹni tó máa fi rokà ni ẹ ń tà á fún?" ló bi Alàgbà.

"Wọ́n ń rà á dáadáa. Ó le, kì í ṣẹ́. A ń kó o lọ sí Ìkìrun."

"Ẹ̀yin náà rí ohun tí iyẹ̀ rẹ̀ ń ṣe sí adìyẹ."

"Ẹ kàn fún mi ní oògùn, madam."

Ìyàwó Alàgbà, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìyìn, ló wá pe Felicia pé kó wá jẹun. Ebi kò pa á mọ́, ṣùgbọ́n ó tẹ̀lé e dé ibi ìdáná, kó lè kúrò níbi òórùn yẹn. Ìyá Ìyìn ń ro ẹ̀bà. Omorogùn ọwọ́ rẹ̀ ti gbó, ó ti jẹ létí, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n.

"Ẹ ò lo èyí tí wọ́n ń ṣe níbí?" ni Felicia béèrè.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè ọmọdé. "Rárá o, Dókítà. Ìbà ni mo ti ra tèmi. Bàbá Ìyìn ò gbà kí tibẹ̀ yẹn wọ inú ìkòkò wa. Wọ́n ní kò dáa fún ara."

Ẹ̀bà náà funfun, ọbẹ̀ rẹ̀ ń ta sánsán. Felicia ò lè fi ọwọ́ kàn án. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ìyìn. Ó padà bá Alàgbà, ó sọ fún un pé oògùn kan ò lè wo adìyẹ wọ̀nyẹn sàn, kó kó iyẹ̀ pákó náà jáde, kó fi èèpo ìrẹsì tẹ́ ibẹ̀, kó sì dáwọ́ omorogùn dúró. Kò ta nǹkan kan fún un. Ó mú omorogùn mẹ́ta nínú apẹ̀rẹ̀, ó wọ mọ́tò.

Wolé-wolé ló kọ́kọ́ lọ bá. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì dé ọ̀dọ̀ Alàgbà lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tí Felicia pè é láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, ó ní òun ò rí àléébù, àti pé Alàgbà jẹ́ èèyàn dáadáa. Ó tún ní adìyẹ méjì tí wọ́n fún òun sanra.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Alàgbà fúnra rẹ̀ pè. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní òun ti kó iyẹ̀ pákó yẹn jáde, àwọn adìyẹ ti ń jẹun, ẹyin ti ń pọ̀ sí i, kí Ọlọ́run bù kún Dókítà.

"Omorogùn ńkọ́?" ni Felicia béèrè.

"Ìyẹn ò kan adìyẹ, madam."

Felicia pa fóònù náà. Lọ́jọ́ yẹn, ó gé ilé adìyẹ kan kúrò nínú ìrìn rẹ̀, ó lọ sọ́jà Ìkìrun. Ó ra omi gbígbóná lọ́wọ́ onítíì kan, ó ki omorogùn bọ̀ ọ́ lójú àwọn tó ń tà á. Kò pẹ́ tí nǹkan dúdú fi léfòó, tó ń tàn bí ọ́ìlì. Àwọn kan ní ó fẹ́ ba ọjà àwọn jẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin kan, Àyìnkẹ́, gbọ́ òórùn omi náà, ó wá kó gbogbo tirẹ̀ kúrò lórí àtẹ. Kí òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn mẹ́rin mìíràn ti ṣe bíi tirẹ̀.

Ayọ̀olúwa bínú pé oníbàárà ńlá fẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Felicia ní kó rán ẹlòmíràn lọ sí Òkukù, òun ò lọ síbẹ̀ mọ́. Ọkùnrin tí wọ́n rán lọ ló wá ròyìn fún un pé ẹ̀rọ ìfági ṣì ń ké lẹ́yìn ilé Alàgbà. Wọn ò kó omorogùn lọ sí Ìkìrun mọ́. Ọ̀nà Ọ̀fà ni wọ́n ń kó o gbà báyìí.

Felicia gbọ́, ó tutọ́ sílẹ̀.