Ajá Tí Ń Jẹ́ Kòkànyín

Ní ọdún tó kọjá, kò sí àárọ̀ kan tí a kì í gbọ́ ohùn Oyèkànmí láti inú ọgbà rẹ̀ ní àdúgbò wa, Otokiti: "Kòkànyín! Kòkànyín!" Àlejò lè rò pé ìjà ló ń wá. Ajá rẹ̀ ló ń pè. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò mọ ẹni tí orúkọ náà ń bá wí. Ìyá Huda ni, obìnrin Ọ̀wọ́rọ̀ tí odi kan ṣoṣo là wọ́n láàárín.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Oyèkànmí, ará Ìkìrun. Òun àti Modúpẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti wà pọ̀ tipẹ́ láìsí ọmọ. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí Ìyá Huda bá ti mọ́ṣáláṣí dé, á dúró lẹ́nu géètì wọn, á ní, "Ṣé ẹ ò tíì fún mi lọ́mọ gbé ni?" Ìbéèrè yẹn ń dun Oyèkànmí wọra, bẹ́ẹ̀ ni kò lè bá àgbàlagbà jà. Ló bá ra ọmọ ajá, ó sì sọ ọ́ ní ohun tí ẹnu òun kò lè sọ. Àwa la nírú ìwà bẹ́ẹ̀, ká máa fi ajá fèsì fún aládùúgbò. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Huda kò béèrè mọ́. "Ọ̀kún o", ìkíni àwọn èèyàn rẹ̀, lásán ló kù láàárín wọn.

Àṣé oyún ń bọ̀. Nígbà tí ó di oṣù ìbímọ, Modúpẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìlọrin. Láìpẹ́ ni wọ́n pe Oyèkànmí pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi gba ọmọ náà, kó tètè máa bọ̀. Ta ni yóò wá tọ́jú ajá? Ẹ lè rẹ́rìn-ín bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ajá yẹn ni ọmọ ilé náà nígbà tí ilé dá páropáro. Bí Modúpẹ́ bá ń sunkún, ajá á lọ sùn lé e lẹ́sẹ̀. Modúpẹ́ ti kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀ pé kó má fi í sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ sí.

Oyèkànmí kọ́kọ́ lọ sí ibì kan tí wọ́n ti ń gba ajá tọ́jú. Àwọn ajá ibẹ̀ kò tilẹ̀ lágbára láti gbó, omi inú abọ́ wọn sì ti yí àwọ̀. Ó yí padà. Ọkùnrin tó lọ bá ṣìkejì, ní Karaworo, lẹ́nu dídùn, ṣùgbọ́n ó ń tẹ itan ajá náà bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò Iléyá, ó sì ń béèrè bóyá ó lè pẹ́ kí olówó rẹ̀ tó dé. Oyèkànmí fa ẹ̀wọ̀n ajá rẹ̀, kò dágbére. Èmi tí mò ń gbé òdìkejì ọ̀nà ni ìbá gbà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ajá ń bà mí ju ẹ̀rù olè lọ.

Bí Oyèkànmí ṣe dúró lẹ́nu géètì rẹ̀ nìyẹn, báàgì léjìká, ajá lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ìyá Huda ń da èèpo iṣu fún àwọn ewúrẹ́ rẹ̀. Ó bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Oyèkànmí rò ó fún un láìwo ojú rẹ̀.

"Mú un wá," Ìyá Huda ní.

"Màmá, orúkọ ajá yìí..."

"Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí o ti ń sọ ọ́ fún mi. Mú un wá. Kò ní wọ yàrá tí mo ti ń kírun, ṣùgbọ́n àmánà ni, ohun tí a fi síkàáwọ́ ẹni. Bí mo bá jẹ, á jẹ."

Ojú mi ló ṣe. Ó ń se túwó fún ajá náà pẹ̀lú orí ẹja, ó sì ń fi igi gígùn ti abọ́ rẹ̀ sí i. Bó bá lá a láṣọ, á pààrọ̀ aṣọ kó tó kírun, á máa bá ajá wí, ajá á sì tún lá a lọ́la. Nígbà tí òjò ń rọ̀, ó ní kí wọ́n gbé páànù bò ó lórí. Inú mi dùn pé irú obìnrin báyìí ń gbé àdúgbò wa.

Nígbà tí Oyèkànmí, Modúpẹ́ àti ọmọbìnrin wọn sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, èmi ni mo gba ẹrù. Kí a tó ṣí géètì, a gbọ́ ohùn Ìyá Huda lẹ́yìn odi: "Ókànwá! Ókànwá, wá jẹun!"

Ajá náà sì dá a lóhùn. Oyèkànmí wọlé tọ Ìyá Huda lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ ewúrẹ́ tòun ti ẹ̀wù funfun. Ó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa dúpẹ́. Ìyá Huda ní kó dìde, ẹ̀wù ń bàjẹ́.

Modúpẹ́ na ọmọ sí i. Ìyá Huda fà sẹ́yìn, ó ní ajá ti lá òun lọ́wọ́. Ó fi iyanrìn àti omi fọ ọwọ́, bí ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe wí, ó pẹ́ títí tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, kó tó tẹ́wọ́.

"Màmá," Modúpẹ́ ní, "ọmọ tí ẹ ní ká fún yín gbé rè é."