Ọjọ́ Tí Wọ́n Pè Mí Síwájú Kíláàsì

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ la ẹnu mi níbi ẹ̀kọ́ ìṣirò kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ náà ni èmi àti màmá mi ti ń yan ẹja nílé wa ní etí ọ̀sà Bàrígà. Nígbà tí mo dé ilé ìwé, oorun ti ń kùn mí. Mo lọ jókòó sẹ́yìn bí ìṣe mi.

Olùkọ́ wa ní kí a ro ìdajì àti ìdá kan nínú mẹ́ta pọ̀. Àwọn tó máa ń dáhùn nawọ́, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n pè.

Mo ní, “Mi ò mọ̀ ọ́n, mà.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ bi mí pé, “Ibo lo mọ̀ ọ́n dé?”

Ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo dìde, mo lọ síwájú. Mo kọ ìdá méjì nínú márùn-ún sójú pátákó.

Wọ́n ní, “Ṣàlàyé rẹ̀ fún wa.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé mo ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, àfi bí mo ṣe tún ìdáhùn mi wò. “Mà, èyí kéré sí ìdajì tí mo fi bẹ̀rẹ̀!” Mo pa á rẹ́, mo tún un rò: ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, bó ti wù kó rẹ̀ mí tó, mo máa ń nawọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, mo ròyìn fún màmá mi. Wọ́n ní, “Wá kọ́ mi.” N kò tíì ṣàlàyé dé ìdajì tí oorun fi gbé àwa méjèèjì lọ lórí ẹní.