Òkèlè Àkọ́kọ́ fún Ológbò

Ilẹ̀kùn mọ́tò ni mo fi kọ́ ilé adìẹ mi. Ẹni tó bá mọ Suame Magazine, ọgbà mẹkáníìkì ńlá ní Kumasi, níbi tí mo ti ń ta nọ́ọ̀tì àti bẹ́ríǹgì, kò ní bi mí pé kí ló dé. Ilẹ̀kùn mọ́tò àlòkù pọ̀ níbẹ̀ ju ewé lọ. Mo ra mẹ́fà, mo ní kí jórinjórin kan jó wọn pọ̀ fún mi, mo gbé e wá sẹ́yìnkùlé ilé tí a háyà ládùúgbò Krofrom. Inú mi dùn pé kò sí olè tó lè já a. Mi ò ro ti èkúté rárá.

Nítorí ìyá mi ni mo ṣe ń sin adìẹ. Rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá ọ̀tún lọ́dún tó ṣáájú, àwọn nọ́ọ̀sì sì sọ fún mi pé ẹyin lójoojúmọ́ àti ẹran tó rọ̀ ni yóò dá okun rẹ̀ padà. Ìyàwó mi àtàwọn ọmọ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Kumasi, èmi àti ìyá mi nìkan la ní ara wa. Bó bá kú, kò sí ẹni tí yóò tún pè mí lọ́mọ nílùú yìí, ẹ̀rù ọjọ́ náà sì ń bà mí gan-an. Òun ni mo máa ń rò nígbàkigbà tí mo bá ń da àgbàdo lílọ̀ fún àwọn adìẹ yẹn.

Kò pé oṣù méjì tí èkúté fi gba ilé náà mọ́ adìẹ lọ́wọ́. Wọ́n ń jẹ àgbàdo, wọ́n ń fọ́ ẹyin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá òròmọdìẹ mẹ́ta tí wọ́n ti jẹ lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ṣì ń mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa wọ́n. Inú bí mi débi pé mo ta ilẹ̀kùn mọ́tò náà nípàá, ẹsẹ̀ tèmi ló sì wú.

Ìyá onílé wa, arúgbó Aṣáńtì tó ń gbé yàrá iwájú, ló fún wa ní ológbò: abo aláwọ̀ eérú tí etí rẹ̀ kan ti ya. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má fún un lóúnjẹ púpọ̀, pé ológbò tébi ń pa ló ń ṣiṣẹ́. Èmi gbọ́. Ìyá mi ni kò gbọ́. Bó bá ti jókòó sórí ẹní rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, tí mo gbé túwó síwájú rẹ̀, ológbò náà á wá jókòó tì í. Òkèlè àkọ́kọ́, tòun tẹja, ti ológbò ni.

“Màámi, ẹ ń ba ẹran yìí jẹ́ o. Ẹni tó ti yó, ṣé ó tún máa lọ ṣọdẹ ni?”

“Haba! Ẹni tó jókòó tì mí, tó ń wo ẹnu mi, kí n wá gbé òkèlè kọjá lójú ẹ̀? Ẹran tí Ànọ́bì fẹ́ràn rèé. Fi agyinamoa mi sílẹ̀ jàre.”

Agyinamoa ni àwọn Aṣáńtì ń pe ológbò. Orí ilé adìẹ ló máa ń sùn sí, ikùn rẹ̀ yọ, èkúté ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn àgbà ní bí ológbò bá jáde nílé, ilé a di ilé èkúté. Tiwa ò jáde o, ó wà nílé, ó ń hanrun, èkúté sì ti gba gbogbo ilé. Èmi ń bínú sí ológbò, ìyá mi ń bínú sí mi. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ìgbà tó sú mi, mo lọ ra oògùn èkúté lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kiri ọjà ní Kejetia. Ẹ̀tù dúdú ni, wọ́n dì í sínú ọ̀rá, wọn ò kọ nǹkan kan sí i lára. Mo pò ó mọ́ mómónì, ẹja oníyọ̀ tó ń rùn yẹn, mo tì í sínú ihò àwọn ilẹ̀kùn mọ́tò náà, níbi tí ẹnu adìẹ ò lè dé. Ìyá onílé rí mi látojú fèrèsé rẹ̀.

“Gyae aduro no!” Ó ní kí n jáwọ́ nínú oògùn yẹn, pé ibi tádìẹ wà kọ́ ni wọ́n ń lò ó.

Mo ní mo ti gbọ́, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, òkú èkúté méje ni mo kó lẹ́yìnkùlé. Orí mi wú. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé adìẹ a máa jẹ èkúté, àti pé àwọn kan ti kú sí tòsí àwo omi wọn kí n tó dé. Bí mo ṣe ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ ni mo rí àgbébọ̀ pupa, èyí tó tóbi jù, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ìyẹ́ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀.

Ẹni tí kì í ṣe mùsùlùmí lè má mọ irú ìkánjú tó mú mi. Bàbá mi kọ́ mi láti kékeré pé bí ẹran bá ti ń kú lọ, kí n sáré fi ọ̀bẹ àti Bìsìmìláì bá a, kó má di òkú ǹbete, ẹran tó kú láìdúńbú tí a kì í jẹ. Mo sáré mú ọ̀bẹ. Ohun kan ṣoṣo tí mo bi ara mi ni bóyá adìẹ náà ṣì ń mí. Mi ò bi ara mi pé kí ló ń pa á. Mo dúńbú rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé mo bá a láàyè.

Ìyá mi ní kí n kó ẹ̀dọ̀ àti iwe rẹ̀ wá. Ọwọ́ òsì tó kù fún un ló fi yan wọ́n lórí èédú, nígbà tí èmi ń gé ìyókù sínú ìkòkò. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí a ti jẹ adìẹ kẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ tó ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ń dán fún òróró. Ó já iwe náà, ó gbé e fún ológbò. Ó wá ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ kó lè tutù.

Ológbò náà jẹ ẹ́ tán, ó lánu. Itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya lẹ́nu rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀yìn ò gbé e mọ́, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá mi ti gbé ẹ̀dọ̀ dé ètè. Ibẹ̀ ni ẹ̀tù dúdú yẹn sọ sí mi lọ́kàn. Mo fò kọjá lórí ìkòkò, mo gbá a lọ́wọ́, ẹ̀dọ̀ náà já bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀.

Ó wo ilẹ̀, ó wò mí.

“Kí lo fi sínú ẹran tí o fẹ́ fún mi jẹ?”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fa ológbò náà sórí ìró rẹ̀, ó ń fọwọ́ òsì pa á lórí títí ó fi kú. Wọ́n ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Èmi ni ikú ilé náà, èmi tí mò ń sin adìẹ nítorí kí ìyá mi má kú.

Mo gbẹ́ kòtò kan, mo sin ológbò àti àgbébọ̀ náà tòun ti ọbẹ̀. Mo pa àwọn adìẹ tó kù, mo sin àwọn náà, nítorí mi ò mọ èyí tó jẹ èkúté nínú wọn. Ìgbà tí mo wá tú àwọn ilẹ̀kùn mọ́tò náà palẹ̀ ni mo rí ìtẹ́ èkúté nínú ikùn wọn, wọ́n fi fóòmù àti àkísà tẹ́ ẹ. Èmi ni mo kọ́lé fún wọn. Irin pẹlẹbẹ díẹ̀ ni ǹ bá fi dí àwọn ihò yẹn. Ìyá onílé ń wò mí látojú fèrèsé, ìtìjú sì bò mí.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbé oúnjẹ síwájú ìyá mi, ó máa ń bu òkèlè àkọ́kọ́, á nà án sí mi.

“Gbà, ọmọ mi. Ẹni tó jókòó tì mí, mi ò ní gbé òkèlè kọjá lójú ẹ̀.”

Mi ò tíì láyà láti bi í bóyá ìfẹ́ ni àbí ẹ̀rù mi ló ń bà á. Mo máa ń gbà á, mo máa ń jẹ ẹ́. Á wo ojú mi títí, oúnjẹ á máa tutù níwájú rẹ̀, kó tó wá bu tirẹ̀.